Má Ṣe Pe Àìsàn Kàmílù ní Ọyẹ́

Baga Road, Maiduguri
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìrun Àsárì

Ràfíà Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Fọkàn balẹ̀ kí o tó kà á. Kò sẹ́ni tó kú. Ìyá rẹ wà láàyè, ó dúró lẹ́yìn èjìká mi, ó ń ka gbogbo ohun tí mo ń kọ, ó sì ń sọ pé òun kò kà á.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Àmọ́ mo ti gbọ́ pé ẹ̀yin ọmọ òde òní máa ń yí ohùn òbí yín sí ìlọ́po méjì, kí ìmọ̀ràn lè tètè tán. Ìwé kò ní ibi tí wọ́n ti ń yí i. Mo fi í rán oníkẹ̀kẹ́ márúwá kan tó ń lọ sí Jiddari Polo, mo sì ní kí ó dúró títí o fi máa ṣí i.

Ohun tó fà á ni ọ̀rọ̀ tí ìwọ àti ìyá rẹ jọ sọ lórí fóònù láàárọ̀ yìí, tí ìyá rẹ sì gbé ohùn rẹ síta. Mi ò yọ́ gbọ́. Inú yàrá kejì ni mo wà jẹ́ẹ́jẹ́ mi, mo kàn gbé etí mi lé ara ilẹ̀kùn kí ó lè sinmi. Mo gbọ́ pé ara Kàmílù ọmọ rẹ ti ń gbóná láti Ọjọ́bọ̀, pé ó ń wúkọ́, pé imú rẹ̀ ń ṣàn, àti pé ìdajì àwọn ọmọ nọ́sìrì ilé ẹ̀kọ́ yín ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ pé ọkọ rẹ ti kó màlúù ní Kasuwan Shanu, ó ti wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn, kò sì ní dé kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Mo gbọ́ pé Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ rẹ tó ń gbé lọ́dọ̀ yín, kò lè máa sáré tẹ̀lé ọmọ ọdún mẹ́rin pẹ̀lú ikọ́ fée tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo sì gbọ́ pé lọ́jọ́ Ajé ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ máa wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ láti wo bí o ṣe ń kọ́ni, kí ó tó pinnu bóyá wọ́n máa gbà ọ́ síṣẹ́ pátápátá.

Gbogbo èyí ni mo gbọ́ tí mi ò kúrò lórí ìjókòó. Ìgbà tí o wá sọ eléyìí ni mo dìde: “Mọ́mì, màá fún un ní parasitamọ́ọ̀lù láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ara rẹ̀ á ti tutù ká tó dé géètì. Tí wọ́n bá béèrè, màá ní ọyẹ́ ni.”

Mo bi ara mi pé, ta ló kọ́ ọmọ yìí ní irú ìwà yẹn? Ara mi sì dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n tó sọ tèmi, jẹ́ kí n yìn ọ́ ná, nítorí mi ò fẹ́ kí o rò pé ìbáwí ni mo jókòó kọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo gba ẹ̀yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́ yín kọjá. Mo gbọ́ ohùn rẹ láti ojú fèrèsé. O ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, o ń fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, o ń fi Hausa ṣàlàyé, nígbà tí ọmọ kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Yorùbá lo fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, bẹ́ẹ̀ ọmọ Kanuri ni. Ọmọ náà dákẹ́. Mo dúró síbẹ̀ títí ẹ̀ṣọ́ ilé ẹ̀kọ́ fi wá bá mi.

Ó ní, “Bàbá, kí lẹ ń wá?”

Mo ní, “Ọmọ mi ló wà nínú kíláàsì yẹn.”

Ó ní, “Èwo nínú wọn?”

Mo ní, “Èyí tó ga jù.”

Torí náà, mo mọ irú ẹni tí mo ń kọ̀wé sí. O dára lẹ́nu iṣẹ́ yìí ju bí o ṣe rò lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí o fi irọ́ tí mo ti dán wò, tí kò sì ṣiṣẹ́, gbé e ró.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́ nígbà náà. Ìgbà ọyẹ́ ni, eruku gba ojú ọ̀run Maiduguri kan, gbogbo ìlú ló ń sín. Ìyá rẹ ti lọ sí Ìlọrin lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bímọ, ó fi èmi àti ìwọ sílẹ̀, ó ní kí a máa tọ́jú ara wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì ni, mo gboyè lórí àtúnṣe fírísà àti ẹ̀rọ amúlétutù, mo sì gbà tọkàntọkàn pé kò sí ohun tó ń gbóná láyé tí mi ò lè mú tutù.

Ara rẹ gbóná lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Alhaji Módù, ẹlẹ́ja tó tóbi jù nínú àwọn oníbàárà mi, ránṣẹ́ pé fírísà òun ti kú, ẹja sì kún inú rẹ̀. Mo wo ìwọ, mo wo àpò irinṣẹ́ mi. Mo fún ọ ní parasitamọ́ọ̀lù olómi ṣíbí kan, mo fi aṣọ tútù nu ọ́ lára, mo fi faselínì pa ọ́ lójú títí ojú rẹ fi ń dán bíi bàtà sójà.

Mo ní, “Tí tíṣà bá béèrè, sọ pé ọyẹ́ ni.”

O ní, “Bàbá, ṣé ọyẹ́ ni?”

Mo ní, “Ọyẹ́ la máa sọ.”

O wò mí. Ó yẹ kí n ti bẹ̀rù ìwò yẹn.

Tíṣà rẹ, Màlámà Hàwá, ló dúró lẹ́nu géètì lọ́jọ́ náà. Ọ̀fìnkìn líle, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní mura, ti dá ọ̀pọ̀ ọmọ dúró sílé, òun sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọmọ kọ̀ọ̀kan kí ó tó wọlé. Ó kan ọrùn rẹ. Ó tutù. Ẹ̀kọ́ pólì ti ṣiṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi ọ́ ní Hausa bóyá àlàáfíà ni. Ìwọ náà gbójú sókè, o fi Hausa tó mọ́ ju tèmi lọ dá a lóhùn:

“Malama, Baba ya ce in ce hunturu ne.”

Ìyẹn ni pé, Tíṣà, Bàbá ní kí n sọ pé ọyẹ́ ni.

Mo ní, “Màlámà, ẹ má dá a lóhùn. Hausa ọmọ yìí ò tíì dá múṣémúṣé.”

Màlámà ní, “Ó dá múṣémúṣé ju tiyín lọ, Bàbá Ràfíà. Oògùn wo lẹ fún un?”

Kí n tó la ẹnu, o ti ní, “Èyí tó pupa. Ṣíbí kan. Ó tún fi omi tútù nù mí.” O tiẹ̀ fi ìka hàn án bí ṣíbí náà ṣe kún tó.

Àwọn àgbà ní, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò lo ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣòwò láti ìgbà náà, mi ò tíì rí ẹni tó sọ òtítọ́ bí o ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, láìbẹ̀rù, láìfi kún un, láìyọ kúrò nínú rẹ̀. Mo ń bínú sí ọ, mo sì ń yangàn lórí rẹ, lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé méjèèjì lè gba inú ẹni kan.

Màlámà kò bú mi. Ó kàn ní, “Ọmọ tó ń jókòó tì í lápá ọ̀tún ní ìyá tó lóyún nílé. Ẹ gbé e lọ sílé. Àyè rẹ̀ kò ní lọ.” Ọ̀rọ̀ márùn-ún ìkẹyìn yẹn ni mo fẹ́ kí o tọ́jú. Ọ̀pọ̀ òbí tó ń gbé ọmọ aláìsàn wá sílé ẹ̀kọ́ kì í ṣe òbí burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé àyè kan máa lọ: àyè ọmọ, tàbí ti àwọn fúnra wọn.

Ìmọ̀ràn èkínní nìyí, nítorí náà. Parasitamọ́ọ̀lù máa ń mú ara tutù, kì í lé àìsàn jáde. Ọmọ tí ara rẹ̀ tutù nítorí oògùn ṣì ń fi ikọ́ àti sísín fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àrùn. Jẹ́ kí Kàmílù wà nílé títí ọjọ́ kan àti òru kan á fi kọjá tí ara rẹ̀ kò gbóná, láìjẹ́ pé ó lo oògùn ibà kankan, tí ó sì ti ń jẹun, tí ó ti ń ṣeré. Ọyẹ́ máa ń mú ọmọ sín lóòótọ́. Ọyẹ́ kì í mú ara ọmọ gbóná fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìwọ rò pé mo gbé ọ lọ sílé lẹ́yìn èyí? Màlámà ní ilé. Kò sọ ilé ta. Mo gbé ọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù lójú Baga Road, mo tẹ́ páálí fún ọ lẹ́yìn fírísà Alhaji Módù tí wọ́n ti gbé wá, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

O rántí ìkòkò amọ̀ ńlá tó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà wa, èyí tí wọ́n ń pè ní randa. Ife rọ́bà kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Gbogbo wa la fi ń mumi: ẹlẹ́ja, alágbàrù, awakọ̀, ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Ìwà ọmọlúàbí ni, ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ kò gbọ́dọ̀ tọrọ. O mumi níbẹ̀ nígbà mẹ́rin. Inú mi ń dùn pé o ń mumi. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, láti ẹnu ṣọ́ọ̀bù wa títí dé ibi tí wọ́n ti ń já ẹja, kò sí ẹni tí kò wúkọ́. Omi àánú ni, àmọ́ ife kan ló pín ohun tó wà nínú rẹ̀ kárí.

Torí náà, fún Kàmílù ní ife tirẹ̀, ṣíbí tirẹ̀ àti aṣọ ìnura tirẹ̀. Kọ́ ọ kí ó máa wúkọ́ sínú ìgbọ̀nwọ́, kì í ṣe sínú àtẹ́lẹwọ́ tó fẹ́ fi dì mọ́ ọ. Kí ẹ máa fi ọṣẹ fọwọ́, ìwọ gan-an lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí o bá nu imú rẹ̀. Fún un lómi lóòrèkóòrè, díẹ̀díẹ̀: ẹ̀kọ gbígbóná, ọbẹ̀ olómi, kunu bó bá fẹ́. Bí kò bá fẹ́ jẹun, má bá a jà. Tí ó bá ṣáà ti ń mu nǹkan, tí ó sì ń tọ̀, ó ti tó.

Ní ti oògùn, ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, kí o sì tẹ̀lé ọjọ́ orí rẹ̀ àti wákàtí tí wọ́n dá. Wo inú oògùn ikọ́ kí o tó fi kún un, nítorí àwọn mìíràn ti ní parasitamọ́ọ̀lù nínú, ìwọ á wá fún un lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Má fún ọmọdé ní asipirín-ìn. Má sì jẹ́ kí oníkẹ́míìsì tà ọ́ ní kápúsù aláwọ̀ méjì nítorí pé o dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ojú ìbànújẹ́. Kápúsù yẹn kì í pa kòkòrò ọ̀fìnkìn. Dókítà tó bá yẹ ọmọ wò ló lè sọ bóyá nǹkan mìíràn ti wọ̀ ọ́. Nítorí pé a wà ní ìlú ẹ̀fọn, jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn pẹ̀lú, kí o má fi ojú lásán pinnu.

Mo ti kọjá èkejì, mi ò sì mọ ibi tí mo gbé e sí. Ìyá rẹ ní kí n máa lọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí ni ó ṣòro jù fún mi láti kọ. Nígbà tí ó di ọ̀sán, oògùn àárọ̀ ti tán lára rẹ. Mo rò pé o ń sùn. Ní òdìkejì ọ̀nà, Yá Falmata, obìnrin Kanuri tó ń ta ẹja gbígbẹ, ti ń wò ọ́ láti ìgbà tí mo tẹ́ páálí náà. Àwọn àgbà wa ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo máa ń rò pé òwe ni, títí mo fi rí àgbà náà tó dìde lórí àpótí, tó sọdá títì láìwo ọkọ̀.

Ó ní, “Kai, Bayarabe, ìwọ Yorùbá yìí! Kí ló ń ṣe ọmọ yìí?”

Mo ní, “Ó ń sùn, Yá.”

“Kò sùn. Wo ìhà rẹ̀.”

Mo wò ó. Ní gbogbo ìgbà tí o bá mí sínú, awọ abẹ́ egungun ìhà rẹ ń wọlé sínú bí ẹni pé ẹnì kan ń fà á láti inú. O ń mí kíkankíkan, ihò imú rẹ ń ṣí, ó ń pa dé. Mo pè ọ́, o la ojú, o sì tún pa á dé, o ò dá mi lóhùn. Ìwọ tó dá tíṣà lóhùn láàárọ̀.

Àbẹ̀kẹ́, jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún ọ, ìwọ lo kọ́ mi. Mo ní, “Yá, ẹ jẹ́ kí n kàn de nọ́ọ̀tì méjì tó kù, kí ẹja Alhaji Módù má kú.”

Obìnrin náà wò mí bí ẹni wo ẹja tó ti bàjẹ́. Ó ní, “Ẹja Alhaji ti kú láti inú adágún, kò ní kú mọ́. Gbé ọmọ.”

Òun ló dá kẹ̀kẹ́ dúró, òun ló wọlé ṣáájú, òun ló gbé ọ lé ẹsẹ̀. Ó fi ẹja rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì láìsí olùṣọ́. Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ka bí o ṣe ń mí, kò sì jẹ́ kí a tò. Àrùn náà ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí ọ nímú, wọ́n gún ọ lábẹ́rẹ́, wọ́n ní bí a bá ti dúró di ìrọ̀lẹ́ ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin la lò níbẹ̀. Mi ò tún fi ẹnu mi sọ láti ìgbà náà pé kò sí ohun tó ń gbóná tí mi ò lè mú tutù.

Torí náà, bọ́ aṣọ Kàmílù, kí o máa wo àyà rẹ̀, kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan. Bí ó bá ń mí kíákíá ju bó ṣe yẹ, bí ìhà rẹ̀ bá ń wọlé, bí ètè tàbí ojú rẹ̀ bá ṣú, bí kò bá lè mu nǹkan, bí ó bá ń bì í jáde léraléra, bí kò bá tọ̀ fún ìdajì ọjọ́, bí gìrì bá mú un, bí ó bá sùn tí kò ṣeé jí dáadáa, má pè mí, má pe ìyá rẹ, pe kẹ̀kẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí o lọ lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni bí ara rẹ̀ bá kọ́kọ́ yá, tí ibà àti ikọ́ wá padà dé pẹ̀lú agbára. Ìpadàbọ̀ yẹn kì í ṣe ti ọ̀rẹ́.

Bí a ṣe padà sílé, àṣìṣe mi tó kù ni mo fi ọ̀yàyà ṣe. O mọ àwa Yorùbá àdúgbò wa. Nítorí pé a jìnnà sílé, a ti fohùn ṣọ̀kan pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní ṣàìsàn bí ẹni tí kò lẹ́bí. Ọjọ́ tí a dé náà ni wọ́n kún yàrá wa, ìdílé mélòó kan, pẹ̀lú ọmọ wọn, pẹ̀lú ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Nítorí eruku, a ti ti fèrèsé, mo tún ki aṣọ sí gbogbo ihò rẹ̀. Kálukú fọwọ́ kàn ọ́ níwájú orí. Kálukú dá oògùn. Ẹnì kan ní omi ewé, ẹnì kan ní òróró, ẹnì kan ní kí a má wẹ̀ ọ́ fún ọjọ́ méje, ẹnì kan ní kí a wẹ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń dúpẹ́, orí mi wú. Mo ní wò ó bí wọ́n ṣe fẹ́ràn wa.

Bàbá Làmídì, aránṣọ tó rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ, tí ó dàgbà jù nínú wa, gbé ọ lé itan. O wúkọ́ sí i lágbádá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀bùn ni.

Lọ́jọ́ kejì, Yá Falmata wá kí ọ, ó bá èrò mìíràn lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé. Ó gba àpótí kan, ó gbé e sí ẹnu géètì wa, ó jókòó lé e.

Ó ní, “Ẹ kí wọn láti ibẹ̀.”

Wọ́n ní, “Yá, a fẹ́ rí ọmọ ni.”

Ó ní, “Ọmọ kò fẹ́ rí yín, ó ń sùn. Ìkíni ní ẹsẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀, òun á wọlé fúnra rẹ̀.”

Inú bí mi sí i. Obìnrin tí kì í ṣe ará wa ń lé àwọn ará wa. Àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ náà tó yí po, gbogbo ilé tó wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ń wúkọ́, àwọn tó dúró lẹ́yìn géètì ń jẹun wọn. Bàbá Làmídì kò lè dùbúlẹ̀ sùn. Ó ń jókòó sun oorun títí òjò àkọ́kọ́ fi rọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì dákẹ́. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un.

Mo ní, “Bàbá, ilé mi lẹ ti kó o.”

Ó ní, “Mo mọ̀. Ọmọ náà ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun?”

Mo ní, “Ó ń jẹun, Bàbá.”

Ó ní, “Tóò. Ohun tí mo wá wò lọ́jọ́ yẹn náà nìyẹn.”

Ọlọ́run bá a ṣe é, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí bí ìfẹ́ ṣe ń rin ilé kiri pẹ̀lú àrùn lápò, mi ò sì ní gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi wà lára Ìyá Àgbà ju Kàmílù alára lọ. Ọmọ náà lágbára, ìwọ náà rí bó ṣe ń jà. Ìyá Àgbà, ọ̀fìnkìn tó dá ọmọ dúró fún ọjọ́ márùn-ún lè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Má jẹ́ kí àwọn méjèèjì sùn nínú yàrá kan mọ́, láti òní lọ. Ṣí fèrèsé, bí eruku tiẹ̀ ń wọlé. Eruku ṣeé nù. Kí oògùn tó máa ń fà sẹ́nu wà nítòsí rẹ̀, kí o yẹ̀ ẹ́ wò pé kò tíì tán. Bí òun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ má dúró wò ó, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Bí àwọn alábàágbé bá fẹ́ kí yín, gbé àga síta. Tí wọ́n bá bínú, sọ pé bàbá rẹ ló pàṣẹ. Ó ti mọ́ mi lára.

Ó ku ti ọjọ́ Ajé.

Lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ, bí ìwọ fúnra rẹ kò bá ṣàìsàn. Bí ọ̀fun bá ń dùn ọ́ tàbí tí ara rẹ gbóná, ìwọ náà gbọ́dọ̀ dúró sílé, bí ọ̀gá tiẹ̀ ń bọ̀ wá wò ọ́; ọgbọ̀n ọmọ lo máa fẹ́ ẹ sí lójú. Pe ọ̀gá rẹ lónìí, kí ọjọ́ Ajé tó dé. Sọ fún un pé ọmọ rẹ ní ọ̀fìnkìn líle, pé kò ní wá. Bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí o bá àwọn òbí kíláàsì rẹ sọ̀rọ̀ ní èdè tí kálukú gbọ́: pé kí ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná dúró sílé, pé ẹ máa kọ́ ọ ní ohun tó pàdánù, àti pé àyè rẹ̀ kò ní lọ. Ọ̀gá tó bá gbọ́ èyí lẹ́nu tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, tí kò sì mọ ohun tó ní lọ́wọ́, òun gan-an ló yẹ kí wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀. Mi ò lè ṣèlérí pé inú rẹ̀ á dùn. Mo mọ̀ pé bí ó bá gbà ọ́ lórí irọ́, ojoojúmọ́ ni wàá máa fi faselínì kùn ún kí ó lè máa dán.

Ìyá rẹ ń bọ̀ lọ́la láti wá mú Ìyá Àgbà wá sọ́dọ̀ wa. Yàrá iwájú ti ṣófo, a ti ṣí fèrèsé rẹ̀. Èmi máa wà lẹ́nu géètì rẹ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, pẹ̀lú ìbòmú, láti jókòó ti Kàmílù. Ìyá rẹ ní mo ti ń dàgbà fún irú èyí. Òun ló ń tan ìròyìn yẹn kiri, kò tíì rí ẹlẹ́rìí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ka èémí ọmọ báyìí. Mo sì lè jókòó ti ọmọ kan láìtún fírísà ẹnikẹ́ni ṣe.

Ilé rẹ ni, ọmọ rẹ ni, ìwọ lo máa pinnu, mi ò ní fi ipá wọlé. Àmọ́ kí o mọ̀ pé mo ti kọ ọ́ sórí páálí, mo ti so ó mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lójú gbogbo Baga Road, pé mi ò ní ṣiṣẹ́ títí di Ọjọ́bọ̀, nítorí ọmọ ọmọ mi ń ṣàìsàn, èmi ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀. Bí o bá ní kí n má wá, o ti sọ mí di òpùrọ́ lójú ọjà, mi ò sì mọ ibi tí mo ti lè rí ọmọ ọmọ mìíràn kí ọjọ́ Ajé tó dé.

Sọ èsì rẹ fún oníkẹ̀kẹ́ náà. Ó ń dúró.

Èmi ni bàbá rẹ tí ń yangàn lórí rẹ,
Bàbá Ràfíà